Ọjọ́ Tí Mo Rọ Ọmọ Mi Lẹ́kọ

Ẹ fún mi láyè kí n ro tẹnu mi fún yín, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, ó sì ti ń di egbò. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ọ́. Sítáńdáàdì Kínní ni mo ti kúrò ní súkúù, ṣùgbọ́n n kò bẹ tíṣà kankan rí pé kó bá mi kọ lẹ́tà. Bí ẹ bá rí ibi tí mo ti ṣì í kọ, ẹ fò ó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí ní Adó, ẹ mọ̀ pé bíríkìlà tó mọṣẹ́ ni mí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti wá, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rìn láti Ọjà Ọba títí dé ìpẹ̀kun ìlú, ẹ ó ka ilé mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó ka ọ̀kan tí ọwọ́ mi ò kàn. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà tí ògiri rẹ̀ wọ́, tí bíríkìlà mẹ́ta wò tí wọ́n sì sá. Ta ló tún un mọ? Èmi ni. Ẹ lọ bi wọ́n!

Nítorí náà, bí mo bá sọ fún yín pé ọmọ kékeré kan tí kò tíì pé ọdún kan àtààbọ̀ ló gbé mi ṣubú, ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi alára ò rẹ́rìn-ín.

Ìgbà òjò ni, nígbà tí súkúù gba ọlidé gígùn. Ọmọ mẹ́rin ni Abígẹ́ẹ̀lì, ìyàwó mi, bí fún mi. Dúpẹ́ ni àgbà, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Àwọn ìbejì, Táyé àti Kẹ́hìndé, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ayọ̀ ni àbíkẹ́yìn, ó ṣì ń mu ọmú. Gbogbo wọn wà nílé láti àárọ̀ títí di alẹ́, òjò ò sì jẹ́ kí wọ́n rójú jáde. Ẹ mọ bí irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí.

Kíjìpá ni Abígẹ́ẹ̀lì ń hun. Òfì rẹ̀ dúró ti ògiri yàrá, ẹ̀gbẹ́ òfì yẹn náà ló ti máa ń gbàdúrà. Kí àkùkọ tó kọ ni mo máa ń gbọ́ ọ lórí eékún, tí ó ń dárúkọ wa fún Ọlọ́run lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá dìde níbẹ̀, ó di kó wẹ ọmọ, kó po ẹ̀kọ, kó la ìjà ìbejì, kó yá òwú níná nítorí ọ̀rinrin, kó hunṣọ, kó gúnyán alẹ́. Lọ́jọ́bọ̀, ó ń lọ sí Bíbélì kíláàsì àwọn obìnrin. Ní Sátidé, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, Ayọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ìbejì ń wọ́ tẹ̀ lé e.

Èmi ńkọ́? Mo ń dé láti ibi iṣẹ́, mo ń jẹun.

Lọ́jọ́ kan, ó ní kí n jọ̀ọ́ bá òun gbé Ayọ̀ díẹ̀, kóun parí ibi tóun hun dé kí ojúmọmọ tó lọ. Àwọn lébìrà mi wà níjòókòó. Mo ní ọwọ́ tó ń ta okùn sí ògiri kì í ṣe ọwọ́ ìgbọ́mọ. Mo tún ní kí ló tiẹ̀ ń ṣe láti àárọ̀, ṣebí ìjókòó lásán ni. Àwọn lébìrà rẹ́rìn-ín. Abígẹ́ẹ̀lì tún ọmọ pọ̀n, ó sì dojú kọ òfì rẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni wọ́n ránṣẹ́ láti Ìjàn pé ìyá rẹ̀ yọ̀ ṣubú lóko, itan rẹ̀ sì ti yẹ̀. Ó ní láti lọ wò ó. Ó fẹ́ pọn Ayọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ikọ́ ti ń ṣe ọmọ náà láti ijọ́ mélòó kan, lọ́rì tó ń lọ sí Ìjàn lọ́jọ́ náà kò sì ní ìbòrí, bẹ́ẹ̀ òjò ti ṣú. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ọjọ́ kan péré! Mo bi í pé kí ni obìnrin ń ṣe nínú ilé tí èmi ò lè ṣe?

Ó sọ ibi tí ògì wà, ó sọ ibi tí aṣọ òtútù wà. Ó ti fẹsẹ̀ kan níta kó tó yíjú padà.

"Bàbá Dúpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ ọ́ o. Ikọ́ ń ṣe é. Ẹ gbé e jókòó, kẹ́ ẹ máa fi ṣíbí fún un lẹ́kọ, díẹ̀díẹ̀."

Mo ní mo ti gbọ́. Ó ní kí ilẹ̀ tó ṣú òun á ti dé "ulé," bí àwọn Èkìtì ti máa ń pe ilé. Ó lọ.

Ẹ̀yin ọkùnrin ẹgbẹ́ mi, ṣé ẹ ti fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ rí? Ìyá á na ẹsẹ̀, á tẹ́ ọmọ sórí itan, á fi ọwọ́ òsì ṣe bí ẹni sé odò sí ẹnu ọmọ, á máa fi ọ̀tún da ẹ̀kọ sí i. Ọmọ á máa ké, á máa gbé e mì. Bí wọ́n ṣe rọ èmi náà nìyẹn, bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rọ ẹ̀yin náà. Lójú mi, ta ni kò lè ṣe é?

Abígẹ́ẹ̀lì ò dé lálẹ́ ọjọ́ náà. Òjò yẹn kì í ṣe òjò kékeré. Nígbà tó di ọjọ́ kejì a gbọ́ pé odò tó wà lójú ọ̀nà Ìjàn ti gbé pákó afárá lọ, lọ́rì kankan ò lè kọjá.

N kò lè lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀kọ tí mo pò jóná nísàlẹ̀, ó sì dì ní kókó lókè. Ìbejì fa òwú òfì ìyá wọn já. Nígbà tí mo gbé oúnjẹ kalẹ̀, wọ́n kàn jókòó tì í, wọn ò fọwọ́ kàn án. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Dúpẹ́ ní àwọn ò tíì gbàdúrà. Mo ní kí wọ́n gbà á nígbà náà. Ó ní bí màmá ò bá sí nílé, ṣebí bàbá ló yẹ kó ṣáájú. Mo pa ojú dé, n kò mọ ọ̀rọ̀ tó kàn. Èmi tí mò ń pariwo lé ogún lébìrà lórí! Dúpẹ́ wò mí títí, ó káàánú mi, ó sì gbà á fúnra rẹ̀. "Àmín" tèmi ló pariwo jù.

Ṣùgbọ́n Ayọ̀ ò jẹun. Ọmú ló ń wá. Bí mo bá gbé ṣíbí dé ẹnu rẹ̀, á pa ẹnu dé, tàbí kó tu ú sí mi láyà. Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ọrùn rẹ̀ ti rọ̀, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ẹ̀rù bà mí. Ṣé ebi ni yóò pa ọmọ lọ́wọ́ mi, tí n ó sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé mo ń wò ó?

Mo rán Dúpẹ́ àti ìbejì lọ pọnmi. Omi ò tán nílé. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí mi níbi tí mo ti na ẹsẹ̀ bí abiyamọ ni.

Mo tẹ́ Ayọ̀ sórí itan. Mo sé ẹnu rẹ̀ bí mo ti ń rí wọn tí wọ́n ń ṣe é. Mo da ẹ̀kọ sí i. Ó ké, ó gbé e mì. Inú mi dùn! Mo tún dà á. Ikọ́ mú un láàárín, n kò dúró, mo tún dà á. Bẹ́ẹ̀ ni igbe náà dá wáí, bí ìgbà tí okùn já.

Ojú rẹ̀ yí. Ètè rẹ̀ dúdú bí aṣọ tí wọ́n rẹ láró. Mo gbé e sókè, mo gbọ̀n ọ́n, kò mí. N kò mọ ohun tí mo ń kígbe.

Ìyá Ráfíù ló gbọ́ mi. Àgbà obìnrin ará Ọ̀fà ni, ó ń gbé ní yàrá kejì, epo pupa ló ń tà ní Ọjà Ọba, ó sì ti gbérù rẹ̀ sórí tán nígbà náà. Ó ju epo sílẹ̀. Ó gba ọmọ, ó da ojú rẹ̀ délẹ̀, ó gbá a lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó fi ẹnu ara rẹ̀ bo imú Ayọ̀, ó fà á mu, ó tutọ́, ó tún fà á. Ẹ̀kọ ń jáde. Ó ṣe sáà kan kí ọmọ náà tó fa èémí kan, tínrín bẹ́ẹ̀, bí ìlẹ̀kùn tó há.

Ìyá Ráfíù wo igbá ẹ̀kọ, ó wo ẹsẹ̀ mi tó ṣì nà sílẹ̀.

"Ọmọ mi, ta ní kí o rọ ọ́?"

Ó ní kí n máa gbé e lọ sí dìsípẹ́ńsárì kíákíá, pé ẹ̀kọ tó bá ṣìnà, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń jáde.

Àwọn obìnrin ló kún ibẹ̀, wọ́n tò gbọọrọ. Ọ̀kan mọ̀ mí. Ó ní kí wọ́n wo Bàbá Bíríkìlà, pé ṣé bàbá náà ti ń fún ọmọ lọ́mú ni. Òmíràn ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọjá síwájú, abiyamọ tuntun ni mí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, etí mi ń gbóná. Nígbà tí dìsípẹ́ńsà, tí gbogbo wa ń pè ní dókítà, bi mí pé kí ló ṣe ọmọ, mo rí i pé gbogbo wọn ti dákẹ́ láti gbọ́. Mo ní ikọ́ ni. Ó bi mí bóyá nǹkan kan pá a lórí. Mo ní rárá. Ó fetí sí àyà ọmọ, ó fajú ro, ó tún wò mí. Ó fún mi ní oògùn ikọ́ nínú ìgò, ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ kejì.

Ẹ bá mi rò ó wò. Kí ló dé tí mo purọ́?

Lẹ́yìn ọ̀sán, imú Ayọ̀ ń fẹ̀ bó ti ń mí. Ìsàlẹ̀ ìhà rẹ̀ ń wọnú, bí ẹni pé ẹnì kan ń fi okùn fà á láti inú. Kò sunkún mọ́, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù, nítorí agbára àtisunkún ni kò ní. Mo ń gbé e rìn káàkiri yàrá. Mo dé ẹ̀gbẹ́ òfì, mo fẹ́ kúnlẹ̀. Kí ni wọ́n ń sọ fún Ọlọ́run? Orúkọ ọmọ nìkan ló jáde lẹ́nu mi. Ayọ̀. Ayọ̀.

Ibẹ̀ ni ó ti yé mi pé oògùn tó wà nínú ìgò yẹn, ọmọ tí mo fi ẹnu mi ṣàpèjúwe ni wọ́n fún, kì í ṣe èyí tí mo gbé lọ́wọ́.

Mo fi aṣọ bò ó, mo sáré nínú òjò padà sí dìsípẹ́ńsárì. Wọ́n ti ń ti fèrèsé. Àwọn obìnrin mélòó kan ṣì wà lábẹ́ òrùlé tí wọ́n ń dúró kí òjò dá, èyí tó pè mí ní abiyamọ tuntun wà lára wọn. N kò dúró kí ẹnikẹ́ni bi mí.

"Dókítà, irọ́ ni mo pa láàárọ̀. Mo rọ ọ́ lẹ́kọ. Ó pá a lórí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Obìnrin yẹn gan-an ló bá mi gba aṣọ tútù lára ọmọ, tó fi gèlè rẹ̀ wé e. Dìsípẹ́ńsà gún un lábẹ́rẹ́, ó ní ẹ̀kọ náà ti wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní n kò gbọdọ̀ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí n máa gbé e nàró, kí n sì máa gbé e wá gbabẹ́rẹ́ láràárọ̀. Ó ní ká ní mo dúró di ọjọ́ kejì ni, n kì bá rí ọmọ gbé wá mọ́.

Lọ́jọ́ kẹrin, kí oòrùn tó kàn tàrí, Abígẹ́ẹ̀lì dé. Ẹsẹ̀ ló fi rìn láti Ìjàn. Àwọn ọkùnrin ta okùn sí odò, ó dì í mú kọjá. Ẹrẹ̀ dé ìbàdí rẹ̀, omi ọmú ti rin bùbá rẹ̀. Kò kí mi. Ó gba Ayọ̀, ó fi ọmú sí i lẹ́nu. Ọmọ náà fà á díẹ̀, ó dúró mí, ó tún fà á.

Ó bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní ikọ́ yẹn ló le sí i, mo sì ti gbé e lọ gbabẹ́rẹ́.

Ẹ gbọ́ nǹkan tí mo sọ? Èmi tí mo ti jẹ́wọ́ lójú àwọn àjèjì!

Nígbà tí ọmọ sùn, ó gbé e fún Dúpẹ́ pé kó gbé e nàró. Ó lọ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń gbọ́ ọ.

"Olúwa, dárí jì mí. Èmi ni mo fi ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá sílẹ̀ tí mo lọ wo ìyá mi. Má fi ẹ̀ṣẹ̀ mi jẹ ọmọ mi níyà."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, n kò mọ bí mo ṣe dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Orúnkún mi ti wà nílẹ̀. Àdúrà àkọ́kọ́ tí mo gbà sókè nínú ilé ara mi nìyí:

"Ọlọ́run, má gbọ́ tirẹ̀. Kò ṣẹ̀. Ó kìlọ̀ fún mi. Èmi ni mo rọ ọmọ."

Kò yíjú sí mi. Èémí Ayọ̀ nìkan ni mo ń gbọ́, ó ń lọ, ó ń bọ̀, mo sì ń dúró de ìkọ̀ọ̀kan kó tó dé. Lẹ́yìn náà, Abígẹ́ẹ̀lì ní, "Àmín."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọ̀rọ̀ náà títí di òní.

Ayọ̀ yè. Abẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án ló gbà. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, àyà rẹ̀ ṣì máa ń dún díẹ̀, bó bá sì ti dún, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ jí.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí, iṣẹ́ mi ni mo sì fi mọ̀ ọ́n. Ògiri tó bá sán, bí o fi símẹ́ńtì bò ó, ojú àwọn tó ń kọjá lo bò, ilé ṣì ń wó bọ̀. Ọmọ ò mọ ìtìjú bàbá rẹ̀. Òótọ́ tí mo fi ẹnu sọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn wà lára oògùn tó wò ó sàn. Ẹni tó bá sì rò pé iṣẹ́ ìyá ọmọ kò tó nǹkan, kó gbé e ṣe fún ọjọ́ mẹ́ta péré nígbà òjò.

Mo ti sọ tèmi, ojú ò sì tì mí mọ́. Ṣé irú rẹ̀ ti bá ẹnikẹ́ni nínú yín rí? Ẹ sọ ọ́ ká gbọ́. Ẹ̀yin bàbá ni mo ń bá wí jù. Àwọn ìyá ti mọ èyí tipẹ́.