Bàbá Lẹ́tà Ra Kọ̀ǹpútà Láti Òdìkejì Títì

Gbogbo àdúgbò ló mọ ìtàn ọjọ́ tí olóògbé Bàbá Lẹ́tà lọ ra kọ̀ǹpútà, àmọ́ títí di òní, ẹnu ò tíì kò lórí ibi tí àwọn ọkọ̀ tó dúró lọ́jọ́ náà tò dé. Àwọn kan ní wọ́n tò dé iwájú ilé ìfowópamọ́. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, wọn ò kọjá ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò jiyàn sí ni pé Bàbá Lẹ́tà dúró sí òdìkejì títì, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó di ojú kan, ó sì ń pariwo mọ́ oníkọ̀ǹpútà, ẹni tó gbé ojú kọ̀ǹpútà dání lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tuntun han àwọn ẹbí.

"Yí i sí ọ̀tún díẹ̀!"

"Bàbá, wáyà rẹ̀ ò gùn mọ́ o!"

"Ìwọ náà yí sí ọ̀tún! Oòrùn ń ta sí i lójú!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, inú ilé lẹ ti fẹ́ lò ó! Orí tábìlì! Ẹ̀yin àti òun á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fimú kanmú!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Iṣẹ́ tí kò bá ṣeé wò láti òdìkejì títì, ẹ̀gbin ni!"

Awakọ̀ kan dúró kó lè wo ohun tí bàbá ń wò. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fọn fèrè títí, ó sọ̀ kalẹ̀ láti wá bá a jà, ó rí ojú kọ̀ǹpútà tó ń tàn yanran, òun náà dúró. Kò pẹ́, èrò ti pé bìbà. Ìyá àgbà tó ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù náà gbé àga rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó síwájú gbogbo wọn, ó tún ìró rẹ̀ wé dáadáa, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni eré máa bẹ̀rẹ̀?"

Ẹ má rò pé orí bàbá yìí dàrú o. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Pátákó ló ń kọ, láti ìgbà èwe rẹ̀ títí orí rẹ̀ fi funfun. Òun ló kọ ti onígbàjámọ̀, òun ló kọ ti aránṣọ. Òun náà ló kọ ti káfíńtà tó ń kan pósí, tó sì fi "Ẹ MÁ KÁNJÚ" sísàlẹ̀ rẹ̀ láì gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Káfíńtà kọ́kọ́ bínú, àmọ́ nígbà tó rí i pé gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń rẹ́rìn-ín sí òun, ó fi í sílẹ̀. Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí oníṣẹ́ pósí rí.

Ọwọ́ Bàbá Lẹ́tà kì í fara sin. Ẹ ò ní í ṣi R rẹ̀ mọ̀ láéláé, torí ńṣe ló máa ń na ẹsẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ gbé lẹ́tà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣubú. Tí ẹ bá bi í léèrè pé kí ló fà á, á ní, "Kí wọ́n máa wo ilẹ̀ ni."

Bó bá sì kọ pátákó tán, á sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, á sọdá títì, á di ojú kan. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á padà, á nu gbogbo rẹ̀ nù.

"Bàbá, ó dára báyìí, ẹ dákun," ẹni tó ni ín á máa bẹ̀bẹ̀.

"Ó dára fún ìwọ tó o dúró sábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ lọ́nà ńkọ́?"

Àmọ́ ọjọ́ orí ò gbẹ̀bẹ̀. Ọwọ́ Bàbá Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ó fi ọwọ́ gbígbọ̀n yẹn kọ ILÉ ÌGBẸ̀BÍ ÌRỌ̀RÙN fún agbẹ̀bí. Agbẹ̀bí dúró sábẹ́ pátákó náà, ó wò ó títí, ó ní, "Ó dára o, Bàbá. Àbí òtútù ń mú un ni?"

Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Bàbá Lẹ́tà ló pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n kò sọdá títì lọ́jọ́ náà. Ó lọ tààrà sílé, ó fọ gbogbo búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, títí kan àwọn tí kò dọ̀tí. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin wà nílé. Oníjàngbọ̀n ni bàbá ń pè é, torí kò sí ọjọ́ tí kì í fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ òtútù yẹn ti dé etí rẹ̀, ó sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó gbé e mì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá pè é.

"Oníjàngbọ̀n, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ́ yín ní iṣẹ́ àwòrán yẹn, ṣé ó lè gba lẹ́tà ọwọ́ mi, kó bá mi tọ́jú ẹ̀?"

"Ó lè gbà á, Bàbá. Ẹ ó kọ ọ́ síwèé, n ó yà á sínú ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ti tẹ R, R tiyín ló máa jáde."

"Tòun ti ẹsẹ̀ rẹ̀?"

"Tòun ti ẹsẹ̀ rẹ̀."

Bàbá wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo ọmọ tó fẹ́ sá nílé. "Ó ṣì máa ń dákẹ́ díẹ̀ láàárọ̀," ó ní. "Ká tètè ṣe é kó tó gbàgbé bí wọ́n ṣe ń dákẹ́."

Àwọn ọmọ rẹ̀ ní àwọn máa dáwó jọ ra kọ̀ǹpútà fún un. Ó kọ̀ jálẹ̀. Àkàbà rẹ̀ ló tà fún bíríkìlà kan, ó ní ọwọ́ tó ń gbọ̀n àti àkàbà, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ kúrò nílé.

Báyìí ni òun àti Oníjàngbọ̀n ṣe dé ọ̀dọ̀ oníkọ̀ǹpútà. Ọmọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni, ó sì kọ́kọ́ gbé èyí tó dára jù síwájú wọn, àpótí onídíńgí tí iná pupa àti iná àwọ̀ ewé ń yí po nínú rẹ̀.

"Kí ni iná yìí ń ṣe?" Bàbá Lẹ́tà bi í.

"Ẹwà ni, Bàbá."

"Ṣé ó máa ń bá ènìyàn yàwòrán?"

"Rárá o."

"Yọ ọ́, kí o yọ owó ẹ̀."

"Kò ṣeé yọ, Bàbá."

"Ó dáa, mi ò ní í wò ó. Èló ni ẹni tí kò wo iná máa san?"

Oníkọ̀ǹpútà rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Bàbá ní kó má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín, owó àkàbà lòun mú wá, kò sì lè gòkè ju ibi tí àkàbà gùn dé lọ. Ni ọmọkùnrin náà bá wọ ẹ̀yìn ilé lọ, ó gbé àlòkù kan jáde, àpótí dúdú kékeré tó ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan rí.

"Mo ti tú èyí wò, mo sì ti nù ún. Mo fi mẹ́mọ́rì kún un, kó lè gbé àwòrán láì mí hẹlẹ. Ẹ má kó gbogbo owó yín lé àpótí lórí o. Ẹ jẹ́ kó ṣẹ́ kù, kí ẹ fi ra ojú tó mọ́lẹ̀ kedere, torí ojú yẹn lẹ máa wò láti àárọ̀."

"Òun gan-an la wá rà, Bàbá," ni Oníjàngbọ̀n wí.

Bàbá Lẹ́tà fi ọwọ́ kan gbé àpótí náà. Ó yínmú.

"Ó fúyẹ́."

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, Bàbá."

"Ọ̀dà tó bá fúyẹ́, omi ni wọ́n bù lé e."

Kò sí bí wọn ò ṣe ṣàlàyé tó. Ó ń gbé gbogbo ẹ̀rọ inú ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kan ògbólógbòó kan lẹ́nu ọ̀nà, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kán an nídìí. Ojú rẹ̀ tàn. "Èyí! Èyí lẹ̀rọ!"

"Bàbá, ìyẹn ti kú. A fi ń di ilẹ̀kùn mú ni."

"Ó hàn lára ẹ̀ pé ó gbé ayé ire."

Ibẹ̀ ni oníkọ̀ǹpútà ti dọ́gbọ́n, ó ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ àpótí sílẹ̀ ná, kí bàbá wá wo ojú rẹ̀. Bàbá bá sọdá títì, èyí tí ẹ ti gbọ́. Àmọ́ ohun tí ẹ ò tíì gbọ́ ni pé nígbà tí gbogbo ayé ń wo ìta, Oníjàngbọ̀n nìkan ló kù nínú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú àpótí dúdú náà, páálí rẹ̀, àti bíríkì kan tó rí lẹ́yìnkùlé.

Nígbà tí bàbá padà dé, páálí ti wà ní dídè. Ó gbé e. Ó tún un gbé.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Kí lẹ ṣe sí i?"

"Ẹ ò gbọ́ tí wọ́n ní àwọn fi mẹ́mọ́rì kún un ni?" Oníjàngbọ̀n ò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

"Ẹ ò rí nǹkan! Mo mọ̀ pé wọ́n bomi lé e tẹ́lẹ̀!"

Oníkọ̀ǹpútà mọ̀ pé mẹ́mọ́rì tí òun fi sí i ò wúwo ju bísíkíìtì kan lọ. Ó wo Oníjàngbọ̀n, ó wo páálí, ó fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Lẹ́tà sanwó láì tún ná an mọ́. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí.

Oníjàngbọ̀n délé, ó ń retí ariwo. Kò gbọ́ ariwo. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́. Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó yọjú sí yàrá bàbá. Kọ̀ǹpútà ti wà lórí tábìlì. Bíríkì náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá ti fọ̀ ọ́, ó ti fi ọ̀dà funfun kùn ún, ó sì ti fi dúdú kọ ọ́ sí i lára, ní lẹ́tà ńláńlá tó ń gbọ̀n: MO RÍ Ẹ. R ti na ẹsẹ̀ bí ìṣe rẹ̀.

Bàbá ò yíjú padà. "Mẹ́mọ́rì mi jábọ́ o, Oníjàngbọ̀n. Mo ti kọ nǹkan sí i lára, kó má baà sọnù."

Ṣé èyí wá kọ́ ọmọ náà lọ́gbọ́n? Rárá o. Lọ́jọ́ kan, ó yọ́ wọlé, ó tẹ ibì kan, gbogbo ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà dorí kodò. Nígbà tó padà wá láti wá rẹ́rìn-ín, ó bá ojú kọ̀ǹpútà tí bàbá ti dorí rẹ̀ kodò, tó fi ìwé gbè é lẹ́yìn, tó sì ń ṣiṣẹ́ lọ ní tirẹ̀.

"Bàbá, mo fi ń bá yín ṣeré ni. Ẹ jẹ́ n tún un ṣe."

"Má fọwọ́ kàn án! Tí o bá tún un ṣe, èmi ló kù tó máa dorí kodò."

Báyìí ni wọ́n ń ṣe é láràárọ̀, nígbà tí ọwọ́ bá ṣì dákẹ́. Bàbá á kọ lẹ́tà kan síwèé, Oníjàngbọ̀n á yà á sínú ẹ̀rọ, wọ́n á kọ ojú kọ̀ǹpútà sí fèrèsé, bàbá á sì sọdá lọ dúró síbi ògiri aránṣọ.

"Ikùn B ti yọ jù! Fún un sínú!"

"Ẹ jẹ́ kó jẹun yó, Bàbá!"

"Kó má jẹ oúnjẹ lẹ́tà ẹlòmíì!"

Ìyá àgbà náà tún ń gbé àga rẹ̀ wá. Ó ní wọn ò parí eré ọjọ́sí.

Nígbà tó yá, Z nìkan ló kù.

"Ta ló ń jẹ́ Z ládùúgbò yìí?" bàbá bèèrè.

"Ẹnì kan lè dé, Bàbá."

"Tó bá dé, gbé N, kí o tẹ́ ẹ sílẹ̀. N tó sùn ni Z. Mi ò lè jí ní ìdájí nítorí lẹ́tà tó ń sùn."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kò jí. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí àyà rẹ̀, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, kò gbọ̀n mọ́ rárá. Káfíńtà ló kan pósí rẹ̀. Kò kánjú.

Lẹ́yìn tí ẹkún rọlẹ̀, agbẹ̀bí wá bá Oníjàngbọ̀n pé òun fẹ́ pátákó tuntun, lẹ́tà bàbá ni kó fi ṣe é. Oníjàngbọ̀n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú àpótí dúdú yẹn. Bíríkìlà gbé àkàbà bàbá wá, wọ́n sì fi bíríkì funfun nì há a lẹ́sẹ̀ kó má yẹ̀. Oníkọ̀ǹpútà gòkè. Wọ́n gbé pátákó tuntun dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ kí wọ́n tó yọ ọ́.

Oníjàngbọ̀n sọdá títì. Ó káwọ́ sẹ́yìn. Ó di ojú kan.

Ó wo èkínní, ó wo èkejì. R na ẹsẹ̀ níbí, R na ẹsẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó wá èyí tí òtútù ń mú, kò rí i. Láti ibi tó dúró sí yẹn, kò sí èyí tó ń gbọ̀n nínú méjèèjì. Bíríkì ìdí àkàbà gan-an ò gbọ̀n mọ́: MO RÍ Ẹ, kedere, ó dúró gbọn-in.

"Èwo ni ká yọ?" agbẹ̀bí ké láti òdìkejì.

Oníjàngbọ̀n fẹ́ dáhùn, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu, omi gba ojú rẹ̀. "Ẹ má yọ ìkankan!" ó pariwo. "Ṣùgbọ́n ẹ yí tuntun yẹn sí ọ̀tún díẹ̀!"

Ọkọ̀ kan dúró. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fọn fèrè. Ìyá àgbà sì ti ń gbé àga rẹ̀ bọ̀.

"Ọmọ mi, ṣé mi ò pẹ́ jù? Ṣé eré ò tíì parí?"

"Kò tíì parí, Ìyá," Oníjàngbọ̀n dá a lóhùn, ó bá a gba àga. "Ẹ jókòó."