Òkúta Tí Wọ́n Fi Okùn Dì

Shizuno Horikoshi kò tíì pé ọmọ ọdún méje nígbà tí bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ mú un wọ ọgbà Rinsen, tó wà lódìkejì odò nílùú Kanazawa. Ohun tó rántí nípa ọjọ́ náà kò ju ẹyọ kan lọ: òkúta kékeré kan tó tó ìkúùkù àgbàlagbà, tí wọ́n fi okùn dúdú dì yíká, tí wọ́n sì gbé kalẹ̀ sáàárín ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé e. Bàbá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má fọwọ́ kàn án. Níbi tó o bá ti rí i, ẹ̀yìn là ń padà sí."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òkúta náà ni."

Láti ọjọ́ náà, Shizuno kò kọjá irú òkúta bẹ́ẹ̀ rí. Òun nìkan sì kọ́. Kò sẹ́ni tí í kọjá rẹ̀ nílùú náà. Kò ga dé ọrùn ẹsẹ̀, ológbò lè fò ó, síbẹ̀ ògiri ni lójú ẹni tó bá mọ ohun tó jẹ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ náà bá ìwà rẹ̀ mu. Ó lé ní ogójì ọdún tó fi rán aṣọ ilé-ìwé ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Bí ojú rírán kan ṣoṣo bá wọ́, yóò tú gbogbo apá aṣọ náà. Bí àlejò kan bá sì fẹ́ tẹ koríko múlọ́múlọ́ tó ń bo òkúta inú ọgbà mọ́lẹ̀, Shizuno ni yóò kọ́kọ́ wúkọ́.

Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, alárinà kan fi í mọ Kinji, ọkùnrin tó ń tún aago ṣe. Inú ọgbà yẹn ni wọ́n ti pàdé. Kinji mú un gba ọ̀nà tóóró kan lápá òsì adágún, títí wọ́n fi dé ìdí àga onígi kan tó dojú kọ omi tó ń já wálẹ̀ láti orí àpáta. Wọ́n jókòó. Odidi wákàtí kan ni ọkùnrin náà kò fi sọ nǹkan kan. Nígbà tó máa lanu, ó ní:

"Ìrẹsì tó le lẹ fẹ́ràn ni, àbí èyí tó rọ̀?"

"Èyí tó le."

"Èmi náà."

Irọ́ ló pa. Ó di ọdún kọkàndínlógún ìgbéyàwó wọn kí Shizuno tó gbọ́ lẹ́nu ìyá ọkọ rẹ̀ pé láti kékeré lọmọ òun ò ti lè jẹ ìrẹsì tó bá le. Ó bi í. Kinji ní, "Ó ti mọ́ mi lára." Ìrẹsì líle náà ló sì ń jẹ lọ.

Lọ́dọọdún, nínú oṣù kọkànlá, nígbà táwọn olùtọ́jú ọgbà bá ń fi okùn gbé ẹ̀ka igi páìnì ró kí yìnyín má baà ṣẹ́ wọn, tọkọtaya náà á lọ jókòó lórí àga yẹn. Wọ́n pọ̀n Chinatsu, ọmọbìnrin wọn, lọ. Wọ́n lọ nígbà tí Chinatsu dàgbà débi pé ojú ń tì í láti bá òbí rẹ̀ rìn. Nígbà tó yá, ó ku àwọn méjèèjì.

Lọ́dún kan, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà tóóró náà, wọ́n sì bá òkúta olókùn níbẹ̀. Wọ́n padà. Lọ́dún kejì, ó ṣì wà níbẹ̀. Lọ́dún kẹta, ọ̀pá ni Kinji fi ń rìn. Àyà rẹ̀ ń dùn ún.

"Ìyá Chinatsu, òkúta yìí ò nílé ni?"

"Bàbá Chinatsu, ẹ má tún bẹ̀rẹ̀ o."

"Ọdún mẹ́ta! Ẹlẹ́wọ̀n pàápàá ì bá ti jáde. Jẹ́ kí n kàn yọjú wo omi yẹn."

"Ẹ ò rí okùn ni? Àgbàlagbà bíi tiyín! Ẹ má dójú tì mí."

Kinji rẹ́rìn-ín, ó yí ọ̀pá rẹ̀ padà. Kí òdòdó tó yọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ti kú.

Ọdún mẹ́sàn-án kọjá. Shizuno di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, orúnkún rẹ̀ ń dùn ún, Chinatsu sì ti tún yàrá kan ṣe dè é nílé tirẹ̀ ní Sapporo, lọ́nà jíjìn. Bí ọdún tuntun bá ti wọlé ni yóò kó lọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń wù ú kó tó lọ: kó jókòó lórí àga yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó di ìrẹsì ṣíṣù méjì sínú aṣọ, ó sì lọ. Òkúta náà wà níbẹ̀, okùn rẹ̀ ń dán. Shizuno yíjú padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì dúró lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lórí àkàbà tó wà nítòsí ni Ritsuko wà, obìnrin ẹni àádọ́ta ọdún tó ń tọ́jú igi ọgbà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ dákun, ìgbà wo lẹ máa ṣí ọ̀nà yìí?"

"Màmá, bí mo ṣe bá a nìyẹn nígbà tí mo dé lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn."

"Ẹ ò sì béèrè?"

"Kí n béèrè kẹ̀? Òkúta ti sọ̀rọ̀, kí ló tún kù? Kódà, ọdọọdún ni mò ń pààrọ̀ okùn rẹ̀."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ritsuko sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ Bàbá Ogasawara láago, olórí àwọn olùtọ́jú ọgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ṣí ohùn fóònù náà sókè kí Shizuno lè gbọ́.

"Òkúta wo?"

"Ti ọ̀nà apá òsì, ọ̀gá. Èyí tó lọ síbi omi."

Bàbá náà figbe ta.

"Yéè! Àwọn kan wá mu tíì nínú ahéré tó wà lọ́nà ibẹ̀, mo gbé e síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dí wọn lọ́wọ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan péré ni! Òjò dé, mo sáré wọlé, mo gbàgbé ẹ̀. Ọdún yẹn náà ni mo fẹ̀yìn tì. Ó ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó ti di ọdún mọ́kànlá, ọ̀gá."

"Kò sì sẹ́ni tó gbé e?"

"Ta ni yóò gbé e?"

"Òótọ́ ni," ni Bàbá Ogasawara wí. Ojú ń tì í, ṣùgbọ́n ó jọ pé inú rẹ̀ dùn sí wọn díẹ̀. "Ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ayé."

Ọ̀sán ọjọ́ kan péré. Shizuno rántí bí Kinji ṣe yí ọ̀pá rẹ̀ padà, ó sì dùn ún wọra. Ṣùgbọ́n ó mọ ọkọ rẹ̀: ká ní ó wà láyé láti gbọ́ èyí, odidi ọdún kan ni ì bá fi máa fi í ṣẹ̀fẹ̀.

Ritsuko fi ọwọ́ méjèèjì gbé òkúta náà kúrò. Koríko múlọ́múlọ́ ti bo gbogbo ọ̀nà náà. Ọdún mọ́kànlá ni ẹsẹ̀ ènìyàn kò fi tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ máa lọ, Màmá. Yóò tún hù."

Shizuno bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi ìbọ̀sẹ̀ nìkan rìn ín, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń kọjá lẹ́bàá ọmọ tó sùn. Omi náà ṣì ń já wálẹ̀. Apá kan àga ti jẹrà, ó jókòó sí apá kejì.

Ó tú ìrẹsì náà. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó bu omi kún un ju bó ṣe yẹ lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣù.

"Bàbá Chinatsu," ló wí fún omi náà, "ẹ̀yin lẹ jàre."

Kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ rí. Ó bu ìrẹsì náà jẹ, ó fajú ro.

"Ṣùgbọ́n ó rọ̀ jù."

Ó jẹ ẹ́ tán, ó sì nawọ́ mú èkejì.