Àwọn Ọmọ Ogun Tí Ò Parí Ìwé

Oṣù mẹ́jọ péré ni mo lò ní Abíjáàn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà dé Èjìgbò, bí ẹni tó lo ogójì ọdún ni mo ń rìn. Mo ti sá kúrò níléèwé ní kíláàsì kẹta kí n tó lọ. Ohun tí mo kọ́ lọ́hùn-ún ò ju bí wọ́n ṣe ń kiri ike lọ, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Faransé mẹ́ta: “bọ́ńjúù” tí wọ́n fi ń kíni, “sàfá”, ìyẹn ṣé dáadáa ni, àti “kọ̀ǹbíẹ̀ẹ́”, ìyẹn èló ni. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni mo ń lú pọ̀ mọ́ra wọn láàárín ọjà. Àwọn ará ilé wá ń pè mí ní Músíọ̀, bí àwọn elédè Faransé ṣe ń pe ọ̀gá, mo sì ń jẹ́ ẹ.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí àǹtí mi, àbúrò bàbá mi obìnrin, gbé ọmọ ẹ̀ ti Abíjáàn dé. Ọmọ náà ò tíì pé ọdún méjì. Bí ikọ́ bá fi í sílẹ̀ lónìí, etí á máa ṣọyún lọ́la. Bí etí bá gbẹ, ẹnu á bó. Ọkọ àǹtí mi tó kù sọ́hùn-ún ti di lẹ́tà dókítà sínú ọ̀rá fún un. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ni ò pé, pé gbogbo bó ṣe rí wà nínú lẹ́tà yẹn, kó wá ẹni tó gbọ́ Faransé kà á fún un nílé. Àǹtí mi ò kàwé. Èmi sì rèé, mo jókòó nínú ṣòkòtò Abíjáàn mi.

“Músíọ̀, gbà, bá mi kà á.”

Ó yẹ kí n ní mi ò mọ̀ ọ́n kà. Ṣùgbọ́n ìyá bàbá mi wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ilé wà níbẹ̀, mo sì ti fọ́nnu kọjá ibi tí èèyàn ti lè padà. Mo gbé ìwé náà sún mọ́jú, mo tún nà án jìnnà bí àgbàlagbà tójú ń dùn. Bí eèrà tó tò sára ògiri ló rí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo dá mọ̀, torí ó jọ ti Gẹ̀ẹ́sì: abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n sì fi báírò pupa fa ìlà méjì sábẹ́ ibẹ̀.

“Àǹtí, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò tó. Kẹ́ ẹ máa fún un lẹ́yin. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni wọ́n wá tẹnu mọ́ jù, pé ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kó fo ìkankan. Ẹ ò rí i, ìlà méjì ni wọ́n fà.”

“Ìrìn àjò dáa,” ìyá bàbá mi ní. Wọ́n mú ẹran fún mi. Mo jẹ ẹ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n kéde látorí ẹ̀rọ mọ́ṣáláṣí pé àwọn nọ́ọ̀sì ń bọ̀ ní gbọ̀ngán ìlú, kí àwọn ìyá gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ èéyi. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àǹtí mi wẹ ọmọ, ó pọ̀n ọ́n.

“Músíọ̀, mú ìwé yẹn máa bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n lè bi mí ní nǹkan kan.”

Mo mú un. Bí mo ṣe yọ sí ìta, oòrùn tàn sórí ìlà pupa méjì yẹn, ẹsẹ̀ mi sì dúró. Ọdún mẹ́ta ni mo fi wà lọ́wọ́ àwọn tíṣà, wọn ò fi báírò pupa fàlà sábẹ́ nǹkan dáadáa tèmi rí. Bí wọ́n bá fà á lẹ́ẹ̀kan, mo ti ṣì í ni. Bí wọ́n bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, kí n má dán an wò mọ́ láyé mi ni.

Ẹnì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó lè ka ìwé náà ni tíṣà Faransé iléèwé tí mo sá kúrò. Ojú fèrèsé kíláàsì ẹ̀ gan-an ni mo gbà sá. Mo bá a ní yàrá àwọn tíṣà, ó ń fi báírò pupa máàkì ìwé. Mo dọ̀bálẹ̀.

“Ilẹ̀kùn lo gbà wọlé lónìí,” ó ní. “O ti ń gbọ́n.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi ka èyí kíá.”

“Mo gbọ́ pé o ti di Músíọ̀. Músíọ̀ ò lè kà á ni?”

“Kò lè kà á, sà.”

Ẹ̀rín ló fi bẹ̀rẹ̀ ìwé náà. Nígbà tó dé àárín, ẹ̀rín tán lẹ́nu ẹ̀.

“Ọmọ ọ̀hún dà?”

“Wọ́n ti gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ èéyi, sà.”

Ó yí ìwé náà padà, ó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì sẹ́yìn ẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ fún mi bó ṣe ń kọ ọ́. Ó ní ìlànà kan wà tí wọ́n bí mọ́ gbogbo èèyàn, jíìnì ni wọ́n ń pè é, òun ló ń tọ́ àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ títí wọ́n á fi lè bá àrùn jà. Ẹ̀dà méjì la máa ń ní, bàbá fún wa ní ọ̀kan, ìyá fún wa ní ọ̀kan. Bàbá ọmọ yìí ní ọ̀kan tó bàjẹ́, ìyá ẹ̀ náà ní ọ̀kan tó bàjẹ́, ara àwọn méjèèjì le torí pé èkejì dáa. Àwọn méjì tó bàjẹ́ yẹn ló wá bọ́ sọ́dọ̀ ọmọ.

“Torí náà, àwọn ọmọ ogun tiẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iléèwé, wọn kì í parí ẹ̀. Wọ́n á wọ yúnífọ́ọ̀mù, wọ́n á máa rìn kiri, wọn ò mọ nǹkan kan. Ṣé o mọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀?”

“Mo mọ̀ ọ́n, sà.”

“Abẹ́rẹ́ èéyi yẹn, èéyi náà ni, wọ́n kàn yọ eyín ẹ̀ ni. Àwọn ọmọ ogun tiwa ń fi kọ́ ìjà. Ti ọmọ yìí, aláìléyín yẹn náà lè pa á. Má dúró wò mí, sáré.”

Eré tí mo sá lọ́jọ́ yẹn, mi ò sá irú ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fi pàṣán lé mi. Nígbà tí mo dé gbọ̀ngán, nọ́ọ̀sì ti ń fi òwú nu apá ọmọ.

“Ẹ má gún un. Ìwé ò sọ bẹ́ẹ̀.”

Àǹtí mi yíjú sí mi. “Ìwọ lo kà á fún mi.”

“Mi ò kà á, àǹtí. Mi ò mọ Faransé kà. Irọ́ ni mo pa.”

Ìyá kan wá sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn: “Ẹni tó fi bọ́ńjúù gba àkàrà àwìn lọ́wọ́ mi láàárọ̀ àná nìyẹn.” Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé àwọn ọmọ tó ń sunkún dákẹ́ láti wò mí. Mo fún nọ́ọ̀sì níwèé, mo sì ro gbogbo ọ̀rọ̀ tíṣà fún àǹtí mi. Nọ́ọ̀sì ka Gẹ̀ẹ́sì tíṣà, ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó ní kí àǹtí mi má gbé ọmọ náà jókòó sáàárín èrò mọ́, kó gbé e lọ sí ọsibítù ńlá ní Ifẹ̀ pẹ̀lú ìwé yẹn.

Àǹtí mi ò gbá mi létí. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kó tó bi mí.

“Ẹyin tí mo ń fún un ńkọ́?”

“Ẹyin ò ní wàhálà, àǹtí.”

“Ẹran tí wọ́n mú fún ẹ?”

“Mo ti jẹ ẹ́.”

“Wàá bì í.” Lẹ́yìn náà ló wá rọ ohùn ẹ̀ sílẹ̀. “Tún apá bàbá àti ìyá yẹn sọ.”

Mo tún un sọ. Àwọn àna ẹ̀ ní Abíjáàn ti ń sọ ọ́ kiri pé omi ọmú ẹ̀ ló ba ọmọ jẹ́, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní kí n sọ ọ́, pé ẹyọ kan ti bàbá, ẹyọ kan ti ìyá, kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ni mi ò fi iyọ̀ tèmi sí i.

Ọmọ náà ṣì wà. Wọ́n ń gbé e lọ Ifẹ̀, wọ́n ń gbé e bọ̀. Àìsàn á dá a dùbúlẹ̀, á tún dìde. Ní gbogbo Èjìgbò, òun nìkan ló kù tó ń pè mí ní Músíọ̀ láìrẹ́rìn-ín.