Irin Inú Ṣọ́ọ̀lù

Ìtàn tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń sọ nípa olóògbé Bàbá Hosea ni ti ọmọ tó gbé wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Wusasa, ní Zaria. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́jọ́ Ìsinmi náà, ètè àwọn akọrin ti ya. Bàbá Hosea, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, wọlé tòun ti nǹkan kan tó fi ṣọ́ọ̀lù ọmọ wé, tó gbé mọ́ àyà. Obìnrin tó ń fi èèyàn sí ìjókòó kí i kú ewu ọmọ. Bàbá Hosea ní kó rọra sọ̀rọ̀.

"Ó ń sùn," ló wí.

Obìnrin náà ò lè mú un mọ́ra, ó ká etí ṣọ́ọ̀lù. Ọmọ náà dúdú, ó gùn, kò lórí, epo ẹ́ńjìnnì sì ń rùn lára rẹ̀. Nígbà tó béèrè pé kí lèyí, Bàbá Hosea ní kámṣáàfù mọ́tò ni, àwọn ò sì tíì sàmì fún un.

Orí rẹ̀ ò dà rú o. Bí irin yẹn bá já bọ́ lórí sìmẹ́ǹtì, ó lè kán sí méjì bí ìkòkò. Bí iyanrìn ọyẹ́ bá há a lára, ó bà jẹ́ nìyẹn. Kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà ibi tó bá ń lọ ló ń gbé e lọ. Ṣọ́ọ̀lù tó fi wé e ni èyí tí wọ́n fi gbé Beulah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, lọ ṣèrìbọmi. Beulah pè é láti Ìlọrin, ó ní òun gbọ́ pé òun ti ní àbúrò.

Mẹkáníìkì ni Bàbá Hosea, abẹ́ igi dongoyaro kan ní Hayin Dogo ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Bàbá tó bí i ló bá rélùwéè wá sí Zaria, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí òun sí. Hausa ló fi ń bínú, Yorùbá ló fi ń ṣàwàdà. Láti ọdún mẹ́ta ni Beulah ti kun yàrá kan sílẹ̀ de bàbá àti ìyá rẹ̀ ní Ìlọrin, pé kí wọ́n wá sinmi. Ìgbàkígbà tó bá ti dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, bàbá rẹ̀ á ní òun ti ṣí inú mọ́tò kan, èèyàn kì í sì í la ikùn aláìsàn kó wá wọ bọ́ọ̀sì.

Mọ́tò tó ṣí inú rẹ̀ lọ́dún náà ni ti Láńrewájú, ẹ́ńjìníà kan ní Samaru. Wọ́n fẹ́ fi sáré pẹ̀lú mọ́tò pupa kan láti Kaduna. Eré náà ò gùn: mọ́tò méjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú ọ̀nà tó tọ́, kí o tó ka ogún, ó ti parí. Láńrewájú ti gbé súpáṣájà lé ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ lórí, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi agbára fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì. Ó ku kámṣáàfù, yíyàn rẹ̀ sì di ọwọ́ Bàbá Hosea.

Beulah wá kí wọn lásìkò náà. Lójú ìyá rẹ̀ ló ti bi bàbá rẹ̀ pé bí mọ́tò yìí bá fìdí rẹmi ńkọ́. Bàbá Hosea ní bó bá fìdí rẹmi, lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, òun á ká tápólì ṣọ́ọ̀bù òun, òun á tẹ̀ lé e lọ sí Ìlọrin. Beulah ní kí ìyá òun jẹ́rìí.

Ó wá di pé Bàbá Hosea ń lọ sí ilé ìkẹ́rùsí kan ní Chikaji, níbi tí Màlámù Dáńjúmá ti ń ta irin tòkunbọ̀. Kámṣáàfù méjì ló wà níbẹ̀. Irin gígùn ni, ó ní gegele lára, àwọn gegele yẹn ló ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ́ńjìnnì. Gegele ọ̀kan tóbi bí orúnkún ọmọdé, ti ìkejì mọ níwọ̀n. Èyí tó tóbi ni gbogbo ayé ń wá, nítorí ó máa ń mú ẹ́ńjìnnì gbọ̀n rìrì. Bàbá Hosea di ojú, ó fi àtàǹpàkò wọ́ méjèèjì lára, ó sì mú èyí tó kéré. Ó wá ní bí gegele rẹ̀ ti kéré, kí owó rẹ̀ náà kéré.

"Haba, Baba," Màlámù wí. "Ṣé iṣu ni?"

Ọjọ́ márùn-ún ló fi lọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹfà, Màlámù fúnra rẹ̀ gbé irin náà wá bá a ní Hayin Dogo, ó ní ó sàn kóun pàdánù owó ju kóun pàdánù ọjọ́ keje.

Inú Láńrewájú ò dùn sí irin kékeré yẹn. Bàbá Hosea ní kó jókòó.

"Yàrá onílẹ̀kùn méjì ni ẹ́ńjìnnì," ló wí fún un. "Atẹ́gùn ń gba iwájú wọlé, èéfín ń gba ẹ̀yìn jáde. Gegele ńlá yẹn máa ń ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀ pa pọ̀ fúngbà díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ń dá mí fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ ti gba ẹni tí yóò máa fi tipátipá bọ́ ọ. Bí o bá ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀, oúnjẹ á gba iwájú wọlé, á gba ẹ̀yìn jáde, ebi á ṣì máa pa ọ́."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìdérí ìkòkò tùwó Ìyá Beulah sọnù. Àwo ìrẹsì ló fi ń dé ìkòkò títí ó fi gbé oúnjẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, tó bá ìdérí náà lára ẹ́ńjìnnì Láńrewájú, wọ́n ti de é mọ́ ọn pẹ̀lú nọ́ọ̀tì, wọ́n sì ti fi ìṣó fa ìlà sí i yí ká. Bàbá Hosea ṣàlàyé pé ìdérí náà ló ń sọ ìgbà tí ilẹ̀kùn ń ṣí àti ìgbà tó ń tì.

"Ó dáa, Bàbá Beulah," ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ bi í ìgbà tó máa padà sílé."

Ọjọ́ eré pé. Ojú ọ̀nà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí, tí mọ́tò ò tíì máa gbà, ni wọ́n lò. Ẹni tó ni mọ́tò Kaduna, tóun náà gbé súpáṣájà lé tiẹ̀, ti lọ ra gegele ńlá tí Bàbá Hosea kọ̀. Nígbà tí wọ́n tan án, ó ń lù gbùdù-gbùdù, ilẹ̀ ń mì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń hó. Ti Láńrewájú ń kùn bíi máṣíìnì ìránṣọ. Ẹnì kan béèrè bóyá wọ́n ti tan án. Beulah ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro àwọ̀ kọ́tínnì tí yóò bá yàrá Ìlọrin mu.

Iná ń yọ ní sálẹ́ńsà mọ́tò pupa náà. Àwọn èèyàn ní agbára rèé. Bàbá Hosea ní oúnjẹ rẹ̀ ló ń jó níta yẹn.

Wọ́n ju áńkáṣíìfù sílẹ̀. Mọ́tò Láńrewájú fò kúrò lójú kan náà, ti Kaduna ṣì ń wá èémí. Ṣùgbọ́n nígbà tí iyára pọ̀, gegele ńlá jí, mọ́tò pupa bẹ̀rẹ̀ sí í lé e bọ̀. Ó bá a ní ìdí, ó bá a ní ilẹ̀kùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a ní iwájú, ọ̀nà sì tán. Ìwọ̀n apá kan ni ti Láńrewájú fi ṣáájú.

Ẹnì kan ń fò sókè, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti sọnù, ó ń pariwo pé Dádì òun nìyẹn. Beulah ni. Ìyá rẹ̀ wò ó títí.

"Ìwọ tí o ní kí n jẹ́rìí," ló wí.

Wọn ò lọ sí Ìlọrin. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni Bàbá Hosea tún fi ṣiṣẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó sinmi díẹ̀ lórí àga lábẹ́ dongoyaro, kò sì jí. Mọ́tò kan wà níbẹ̀ tí inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Láńrewájú tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó yọ kámṣáàfù náà, ó fọ̀ ọ́ mọ́, ó sì gbé e wá fún Beulah. Beulah lọ mú ṣọ́ọ̀lù.

Nínú bọ́ọ̀sì Ìlọrin, ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Beulah gbé ṣọ́ọ̀lù náà mọ́ àyà. Obìnrin kan tó jókòó tì í kí i kú ewu ọmọ, ó ní ṣé Ìlọrin ni wọ́n ń gbé e lọ. Beulah ní bẹ́ẹ̀ ni, yàrá rẹ̀ ti ń dúró dè é láti ọjọ́ pípẹ́. Obìnrin náà na ọwọ́, ó fẹ́ rí ojú rẹ̀. Beulah rọra fa etí ṣọ́ọ̀lù bò ó.

"Ó ń sùn," ló wí.

Obìnrin náà sì rẹ ohùn sílẹ̀ títí wọ́n fi kọjá Jẹ́bà.