Àdúrà Tí Ọkọ̀ Òkun Ò Lè Dúró Dè

Ní páàkì Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí awakọ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ tó Ṣàngódèyí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ìyàwó ló gbé e dé Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì ti pẹ́ tó ti ń fi bọ́ọ̀sì kékeré kó èrò. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ ni pé ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun kì í rin ìrìn àjò tó jìn láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, kó kúnlẹ̀, kí bàbá gbọ́wọ́ lé e lórí. Dèyí kì í bá wọn jiyàn. Ó máa ń ní kí wọ́n ka gbogbo bọ́ọ̀sì tó ti ṣubú lójú ọ̀nà Ìbàdàn, kí wọ́n wá nawọ́ sí èyí tó jẹ́ tòun.

Bàbá náà, Ṣàngówùnmí, ti dàgbà gan-an. Ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, eékún rẹ̀ ò gbà fún un mọ́, oko sì ti di ìtàn. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò darúgbó. Bó bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà, á kí Ṣàngó, á kí àwọn baba ńlá, á kí ọ̀nà, á wá bọ́ sórí táyà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gbàdúrà fún táyà, títí kan èyí tí wọ́n so mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Àwọn èrò tí kò mọ̀ ọ́n máa ń rò pé ó ti parí nígbà tó bá dánu dúró láti mí.

Lọ́jọ́ kan, Ọláyínká fi iṣẹ́ kan lọ̀ ọ́. Ọláyínká ló ń bá àwọn tó bá bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ òkun ní Àpápá wá mọ́tò tí wọ́n á fi ṣeré ká ìlú. Tọkọtaya òyìnbó kan ń bọ̀, wọ́n ti kà á pé ìlú àtayébáyé ni Ọ̀yọ́, wọ́n sì fẹ́ fojú ara wọn rí i. Ọkọ̀ òkun náà á sùn ní èbúté, á ṣí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ọláyínká ní bí Dèyí bá kó wọn lọ tó sì kó wọn bọ̀ láyọ̀, gbogbo àlejò tó bá ń lọ sí Ọ̀yọ́ di tirẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ bí ọkọ̀ bá ṣí tó fi wọ́n sílẹ̀, kó má pe òun mọ́. Bọ́ọ̀sì Dèyí ti ń wúkọ́, èrò Ọjà Igbó ò sì tún nífẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó ń wúkọ́. Ó fẹ́ iṣẹ́ náà dọ́kàn.

Àlọ dùn. Wọ́n sùn ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ọ̀yọ́, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n lọ sọ́jà Akẹ̀sán. Ìyàwó ra igbá fínfín, ọkọ ya fọ́tò ewúrẹ́ kan tó dùbúlẹ̀ sáàárín títì. Ó yẹ kí Dèyí kọrí sí Ìbàdàn nígbà náà. Àmọ́ aládùúgbò wọn kan, Ìyá Fáwùmí, rí i lọ́jà, ó sì bi í bóyá Bàbá ti rí àwọn àlejò rẹ̀. Gbogbo ọmọ Ọ̀yọ́ ló mọ̀ pé èyí kì í ṣe ìbéèrè. Ta ni yóò mú àlejò wọ ìlú bàbá rẹ̀, tí yóò mú wọn jáde láìfi wọ́n han bàbá? Ó yà sílé.

Inú Bàbá dùn débi pé ó ní kí wọ́n gbé àga òun síta. Ó béèrè ohun tí àwọn àlejò wọ̀ wá. Dèyí ní ọkọ̀ òkun ni. Bàbá, tí kò rí òkun rí, ní irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kọjá àdúrà kékeré. Tọkọtaya náà rí Dèyí tó kúnlẹ̀, àwọn náà kúnlẹ̀ tì í.

Bàbá gbàdúrà fún ọ̀gá ọkọ̀. Ó gbàdúrà fún àwọn tó ń dáná níbẹ̀. Ó bẹ ẹja kí wọ́n má bínú. Nígbà tó kan ibi táyà, ó dánu dúró, ó bi Dèyí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kí ló wà lábẹ́ ọkọ̀ òkun. Dèyí ní nǹkan kan tó ń yí ni. Bàbá gbàdúrà fún nǹkan náà, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí kò fẹ́ kó dà bíi pé òun fojú di ohun tí òun ò mọ̀. Fóònù ń gbọ̀n lápò Dèyí, Ọláyínká ni. Òyìnbó ń wo aago, ó ń ṣe "àṣẹ" lọ́wọ́ kan náà.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà tí wọ́n fi lè bá ọkọ̀ òkun náà, èèwọ̀ sì ni. Ọmọdé kì í bá àgbà parí àdúrà. Dèyí mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré.

Ó ní, "Àṣẹ o, Bàbá. Kó rí bẹ́ẹ̀." Ó wí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dìde.

Ọwọ́ Bàbá ṣì wà lókè. Ó rọra gbé e sọ̀ kalẹ̀ sórí itan ara rẹ̀, ó ní, "Ó dáa." Ojú ti Dèyí débi pé kò lè wẹ̀yìn nígbà tó ń jáde.

Ó wakọ̀ ní ìwàkuwà tó máa ń tìtorí rẹ̀ bú àwọn ẹlòmíì. Wọ́n bá ọkọ̀ òkun náà ní èbúté, tọkọtaya náà sáré gun àkàsọ̀, wọ́n sì juwọ́ sí i látòkè. Ọláyínká gbá a léjìká, ó ní ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, Dèyí ni yóò kó àwọn àlejò inú rẹ̀. Ohun tí Dèyí fẹ́ ti bọ́ sí i lọ́wọ́, kò sì dùn mọ́ ọn. Ó wọnú bọ́ọ̀sì, ó pe bàbá rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Àwọn àlejò ti wọkọ̀."

"Ọpẹ́ ni. Tiwọn ti gbà nìyẹn. Tìẹ ni mo fẹ́ bọ́ sí nígbà tí o dìde."

Dèyí bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe é lórí fóònù. Bàbá bi í pé orí ta ni òun yóò gbọ́wọ́ lé nínú fóònù.

"Bàbá, ṣé ẹ ń bínú ni?"

"Ó dùn mí, àmọ́ mi ò bínú. Wọ́n ní kí n wá jẹun, mo ní rárá. A kì í dìde lórí àdúrà tí a ò tíì parí. Ibi tí o fi mí sí ni mo wà, Dèyí. Máa bọ̀ jẹ́jẹ́."

Omi lé sí Dèyí lójú. Ó ń fojú inú wo àga yẹn níta gbangba, tí Bàbá ti jókòó sí láti ọ̀sán, pẹ̀lú eékún yẹn. Ó fẹ́ sáré kí bàbá rẹ̀ lè dìde, ẹ̀rù sì ń bà á láti sáré, nítorí kò sẹ́ni tó gbàdúrà fún òun. Ó ṣáná sí ọkọ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ títì, ó ń lọ jẹ́jẹ́ sí Ọ̀yọ́, gbogbo tírélà Àpápá sì ń yà á sílẹ̀ lọ.