Ọjọ́ Tí Ilẹ̀ Índíà Pe Àwọn Ọmọ Rẹ̀

Òórùn bọ́tà tí wọ́n ń yọ́ nínú ìkòkò ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ṣọ́ọ̀bù Uncle Ramesh tó wà nísàlẹ̀ ilé wa ní Peckham nílùú òyìnbó ló ti ń gòkè bọ̀, òun pẹ̀lú òórùn ṣúgà àti ìyẹ̀fun tí wọ́n ń yan. Oṣù January ni, òtútù ń mú gan-an, ọjọ́ iléèwé sì ni. Mo dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo mọ àsìkò ọdún àwọn ará Índíà bíi tirẹ̀ dáadáa, ọdún wọn ti kọjá. Ẹni tó ń se nǹkan dídùn láàárọ̀ kùtùkùtù nígbà tí kò sọ́dún, kí ló ń wá?

Ẹ má bá mi wí. Inú ìfura ni wọ́n ti tọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní estate, ilé ìjọba tí èèyàn pọ̀ sí, bíi tèmi, tí ìyá yín ń jáde lọ shift kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Mummy kì í jẹ́ ká jẹun nílé onílé. Bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn tí kò dárúkọ, gbogbo wa ni yóò dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, a ò ní mí, torí Mummy gbà pé àwọn tó ń gbowó ìwé àṣẹ tẹlifíṣàn fún ìjọba ni. Bàbá wa ti kú, òun nìkan ló ń tọ́ wa, ó sì máa ń sọ pé ẹni tó dá nìkan wà gbọ́dọ̀ fi ojú kan sùn.

Ìfura tèmi ní ìdí tirẹ̀. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà yẹn, Mummy mú ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Gàní, lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde fún hólídè. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Ó ti ń bá àwọn ọmọkùnrin kan rìn lẹ́yìn iléèwé, Mummy ò sì fẹ́ràn wọn rárá. "Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ," ohun tó ń wí ṣáá nìyẹn. Kí wọ́n tó lọ, ó ra bàtà tuntun fún un, ó ń dín dòdò fún un lójoojúmọ́, ó wá ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ pè é ní Àjàní, oríkì tá a kì í gbọ́ nílé wa àfi bí nǹkan bá wà ńlẹ̀. Wọ́n fi mí sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ Mummy kan ní Brockley. Àwọn méjèèjì ló wọ ọkọ̀ òfurufú, Mummy nìkan ló padà dé, páásìpọ́ọ̀tù Bọ̀dá Gàní sì wà nínú báàgì rẹ̀.

Látìgbà náà ni ọ̀rọ̀ "ilé" ti ń bà mí lẹ́rù. Bí Mummy bá ní "ilé làbọ̀ sinmi oko," tàbí "àjò kì í dùn kódídẹ máà rèwó," màá yọ́ lọ sí yàrá rẹ̀ lọ wò ó bóyá ó ti gbé àpótí sọ̀kalẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ òórùn bọ́tà yẹn, mo yà ní ṣọ́ọ̀bù kí n lè pe Asha, ọmọ Uncle Ramesh, torí kíláàsì kan náà la wà, a sì jọ máa ń rìn. Tẹlifíṣàn wà lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìgò epo pupa. Ọkùnrin aláṣọ funfun kan ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, èrò rẹpẹtẹ sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Uncle Ramesh wọ kóòtù bí ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó, ó ń fún gbogbo oníbàárà ní àdídùn róbótó kan. Ó ní ìjọba Índíà ló ya ọjọ́ náà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ Índíà tó wà lẹ́yìn odi, pé ibi yòówù kí wọ́n wà láyé, ilé ò gbàgbé wọn. Kampala, nílẹ̀ àwa adúláwọ̀, ni wọ́n bí i sí, kò gbé Índíà rí. Síbẹ̀ omi lé ròrò sí i lójú. Ó ní lọ́dún tó ń bọ̀, òun yóò mú Asha lọ síbẹ̀ kí wọ́n lè ṣe ọjọ́ náà níbi tó ti ń wáyé.

Ẹ gbọ́, mo wo tẹlifíṣàn yẹn, mo wo àdídùn ọwọ́ mi, mo dá a padà sínú àwo. Mo fa Asha jáde.

"Ṣé wọ́n ti ra bàtà tuntun fún ẹ?" Asha ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ṣé wọ́n ń fohùn pẹ̀lẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀?" Ó rò ó, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Gàní fún un látòkèdélẹ̀. Mo ní wọn ò ní mú un padà wá, kó tètè lọ wá ibi tó máa fi páásìpọ́ọ̀tù rẹ̀ pamọ́ sí. Kí a tó dé iléèwé, ẹkún ti gbé e.

Nírọ̀lẹ́, Uncle Ramesh kanlẹ̀kùn, ó sì dárúkọ. Mummy ṣẹ̀ṣẹ̀ ti shift dé ni, kò tíì bọ́ kóòtù. Ọkùnrin náà gbé àwo àdídùn dání, ó ṣàlàyé ọjọ́ náà àti èrò tó ń pàtẹ́wọ́ lórí tẹlifíṣàn, ó wá rọra sọ̀rọ̀. "Ẹ má bínú, Madam. Ọmọ yín sọ fún Asha pé bí òbí bá mú ọmọ lọ sílé, wọ́n á fi í síbẹ̀ ni. Asha ò jẹun látàárọ̀." Mo sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń retí ìgbátí. Mummy gba àwo náà, òun tí kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó dúpẹ́, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Ó tẹjú mọ́ àdídùn yẹn. "Ìjọba wo ló ń rántí ẹni tí ò sí nílé, bí kò bá ní ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀?" Èrò tèmi gan-an nìyẹn. Àmọ́ ó lọ jókòó sórí àga Bọ̀dá Gàní, ó wá sọ ọ́ bí ẹni tí kò rántí pé mo wà níbẹ̀: "Àwọn yìí ń pe ọmọ wọn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi, ńṣe ni mo tan tèmi lọ." Kò nà mí. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju kó nà mí lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Àbẹ̀kẹ́. Kí oṣù tó parí, mo ti ní bàtà tuntun. Ó wá ní bí iléèwé bá ti gba ìsinmi Easter, àwa méjèèjì yóò lọ sí Ìjẹ̀bú. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Mo ké, mo yí nílẹ̀, mo ní n ò ní ya ọmọ burúkú láéláé. Mummy ní wàláhì, Bọ̀dá Gàní lòun fẹ́ lọ mú wá. N ò gbà á gbọ́. Níkẹyìn ó gbé páásìpọ́ọ̀tù mi lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa mú un dání fúnra mi. Mo kọ́kọ́ yẹ fọ́tò inú rẹ̀ wò bóyá tèmi ni lóòótọ́. Ọ̀já ni mo fi dì í mọ́ ikùn, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sùn títí a fi dé Ìjẹ̀bú.

Bọ̀dá Gàní jáde sí wa látinú ilé Ìyá Àgbà tí Mummy fi í sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti ga, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Mummy. "Ẹ kú àbọ̀, mà." Kò sọ "mà" fún un rí ní Peckham. Àríyànjiyàn ni tiwọn níbẹ̀, kí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn gbàgà mọ́ra wọn. Mummy ní kó lọ kó ẹrù rẹ̀, òun wá mú un lọ sílé. Bọ̀dá Gàní gbójú sókè wò ó. Mo mọ ìwò yẹn, ìfura ni, bẹ́ẹ̀ lèmi náà máa ń wò ó.

"Ṣé fún hólídè ni, mà?"

Bọ̀dá Gàní ò bínú, kò pariwo. Ó ní òun ń múra ìdánwò, òun ti ní ọ̀rẹ́, ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà sì ń dùn ún, kò sẹ́ni tí yóò máa pọnmi fún un. Mummy bẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ tá a lò níbẹ̀. Ìyá mi tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni, ó kúnlẹ̀ bẹ ọmọ tó bí. "Ẹ má ṣèyọnu, mà," lọmọ ń dáhùn. Lọ́jọ́ tá a ń padà lọ, ó bá wa gbé àpótí sínú mọ́tò, ó tún dọ̀bálẹ̀.

Ní pápákọ̀ òfurufú, Mummy jókòó, ó sunkún títí gèlè rẹ̀ fi tú. Èmi ń fọwọ́ pa ikùn mi níbi tí páásìpọ́ọ̀tù wà, inú mi ń dùn. Mo ní, "Mummy, ẹ ò fi mí sílẹ̀ lóòótọ́."

Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí. Asha àti bàbá rẹ̀ lọ sí Índíà, wọ́n ṣe ọjọ́ náà, wọ́n sì padà wá, ó mú ẹ̀gbà ọwọ́ wá fún mi. Bọ̀dá Gàní ti gbéyàwó, Ìjẹ̀bú ló wà, ó máa ń pe Mummy lórí fóònù bí iléyá bá dé, ó ń sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bí January bá ti yí po, tí mo rí i lórí fóònù pé ìjọba kan tún ń kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun, mo ṣì máa ń bi ara mi pé kí ni wọ́n fẹ́ gbà.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí mo jẹ́ nígbà yẹn rò pé ọmọ nìkan ni wọ́n lè fi sílẹ̀. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀ ní pápákọ̀, kò mọ̀ pé ọmọkùnrin ìyá náà ti fi í sílẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n. Ọmọbìnrin mi ti pé mẹ́tàlá, ó lẹ́nu, gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń bá mi jà sí, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọjọ́ tó bá rọra dá mi lóhùn bíi ti Bọ̀dá Gàní, tó ní "ó dáa, mà," màá pa iná ìdáná, màá lọ jókòó tì í, n ò ní dìde títí á fi bínú sí mi.