Físà Tó Tètè Dé

Ní ìlú wa, Dagupan, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ẹni tó bá dé òde lásìkò ń ṣe àṣejù, Aling Rosenda nìkan ló máa ń tètè dé gbogbo ibi. Tí wọ́n bá pè é síbi ìgbéyàwó, á bá ìyàwó nínú aṣọ ilé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àlùfáà ti fún un ní kọ́kọ́rọ́ kó lè yé kan ilẹ̀kùn mọ́ òun lórí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yọ egungun lára ẹja bángús, á sì ti ṣe é tán kí àwọn oníbàárà tó jí. Ọkọ rẹ̀ máa ń sọ fún wa nígbà ayé rẹ̀ pé tí òun bá kú, òun á bá ìyàwó òun lọ́run tó ti gbálẹ̀ dè òun. Àmọ́ ọkọ ló kọ́kọ́ lọ, ibẹ̀ nìkan ni mo sì mọ̀ tí wọ́n ti yára jù ú lọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Rowena, tó fẹ́ ọmọ ilẹ̀ Japan kan tó ń jẹ́ Shigeru, tí wọ́n sì ń gbé ní Nagoya. Nígbà tí Rowena lóyún àkọ́kọ́, ó pe ìyá rẹ̀ pé oṣù kẹrin lòun máa bí. Aling Rosenda ní kò sí ohun tó máa dí òun lọ́wọ́ kí òun má wà níbẹ̀. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń rọbí Rowena, ìyá tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní Hong Kong, ọmọ sì ti ń sáré kiri kí ìyá àgbà tó fojú kàn án. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn ún títí di òní.

Rowena fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un. Físà ẹni tó ń lọ ṣe fàájì wà, ti ẹni tó ń lọ wo ẹbí náà wà. Kó gba ti ẹbí, kó dúró de ìwé tí Shigeru máa fi ránṣẹ́, kó sì jẹ́ kí ọdún tuntun wọlé dáadáa kó tó lọ tọrọ rẹ̀, torí físà kì í pẹ́ kú. Aling Rosenda ní òun ti gbọ́. Ohun tó gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ẹni tó ń lọ ṣe fàájì kò nílò ìwé Shigeru. Oṣù kọkànlá ló gbé ìwé tirẹ̀ lọ tọrọ físà fàájì.

Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ gbé ẹyin lọ fún àwọn Sísítà ilé Santa Clara, kí wọ́n lè bá a bẹ ẹni mímọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni ṣe máa ń ṣe tí kò bá fẹ́ kí òjò ba ìgbéyàwó òun jẹ́, tàbí tó bá ń wá físà. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tó fi débẹ̀. Sísítà tó ṣí fèrèsé, tí oorun ṣì wà lójú rẹ̀, béèrè ohun tí wọ́n máa bá a tọrọ.

Ó ní, “Físà ni. Kí wọ́n ṣe é kíákíá.”

Sísítà bi í bóyá kì í ṣe pé kó bọ́ sásìkò ló fẹ́. Aling Rosenda ní tó bá ti yá, ó ti bọ́ sásìkò nìyẹn.

Santa Clara kò sì fi falẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, físà ti dé. Aling Rosenda se núdù pansit, gbogbo àdúgbò wá jẹ ẹ́, kálukú sì ń sọ ohun tó máa bá òun rà bọ̀. Ọ̀kan ní ṣokoléètì, òmíràn ní àlẹ̀mọ́ ẹ̀yìn ríro, ọkùnrin kan tí ojú kì í tì sì ní ìkòkò iná mànàmáná tí wọ́n fi ń se ìrẹsì. Ìwé ìrìnnà tí wọ́n lẹ físà náà mọ́ ń ti ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́, a ń wò ó, a ń yìn ín.

Ìgbà tí pansit ti tán ni Epifania, àbúrò ọkọ Aling Rosenda, tó wọlé. Epifania kì í tètè dé ibikíbi. Ó wo abọ́ òfìfo, inú bí i, nígbà tí kò sì rí nǹkan mìíràn mú, ó mú ìwé ìrìnnà, ó gbé gíláàsì sójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

“Ate,” bó ṣe máa ń pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn, “oṣù wo lẹ ní Rowena máa bí?”

“Oṣù kẹrin.”

“Ìparí oṣù kejì ni wọ́n kọ síbí o. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí ọjọ́ yẹn kọjá kẹ́ ẹ tó wọ Japan, ó ti kú nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni wọ́n sì ní kẹ́ ẹ lò.”

Omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ọkùnrin ìkòkò ìrẹsì rọra béèrè bóyá tòun ṣì dúró.

Aling Rosenda ní, “Ta ló sọ fún ẹ pé físà máa ń kú?”

“Tèmi ti kú rí, Ate. Èmi, mo falẹ̀ títí ó fi kú mọ́ mi lọ́wọ́. Tiyín ló yà mí lẹ́nu, ẹ̀yin lẹ sáré débi pé ẹ fẹ́ pa á.”

Àwọn aládùúgbò gbà á nímọ̀ràn pé kó jẹ́ kí ó kú, kó wá òmíràn. Ẹ̀rù bà á pé wọ́n á bi í léèrè ohun tó fi ti àkọ́kọ́ ṣe, wọn ò sì ní fún un mọ́. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ wá di ẹni tí kò lè sọ òótọ́ fún ọmọ rẹ̀. Títí Kérésìmesì fi kọjá, tí Rowena bá ti dárúkọ físà, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ẹja.

Nígbà tó yá, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó pe ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ láìmí. Ó ń retí kí Rowena fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹkún ló gbọ́.

“Màmá, ẹ máa bọ̀ lóṣù kejì.”

“Ọmọ ò ní tíì dé nígbà yẹn.”

“Tọ́mọ bá ń bọ̀, dókítà á wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì á wà níbẹ̀, Shigeru náà á gba ìsinmi. Ìsinsìnyí ni mi ò lẹ́nì kankan. Tó bá ti jáde láàárọ̀, èmi àti ògiri la jọ ń wo ara wa. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ máa ronú ni.”

Aling Rosenda ní, “Kí ló dé tó ò tètè sọ?”

Ó lọ lóṣù kejì. Ó se ọbẹ̀ adìyẹ àti ewé mọ̀ríńgà tí wọ́n ń sè fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kí omi ọyàn lè wá, bí Rowena sì ṣe ń sọ pé òun ò tíì bí, ìyá ní kí ọmọ wá bá a ní gbígbóná ló dáa. Ó ń fi òróró pa ẹ̀yìn rẹ̀ lálaalẹ́. Rowena sùn, irú oorun tí kò sùn láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dé pápákọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ ìpadàbọ̀, wọn ò tíì tan iná ibi tí wọ́n ti ń gba ẹrù, àwọn méjèèjì sì jókòó síbẹ̀, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú.

Ọmọbìnrin ni Rowena bí lóṣù kẹrin. Epifania ló gba ìpè, torí Aling Rosenda kò gbé fóònù dání, ó sì gbé ìròyìn náà lọ bá a nídìí ẹja ọjọ́ kejì lọ́sàn-án, nígbà tí gbogbo àdúgbò ti gbọ́ ọ tán.

Ó ní, “Ate, ọmọ ti dé o. Ó mà ṣe o, ẹ ò sí níbẹ̀.”

Aling Rosenda ò gbójú sókè. Ó ní, “Ta ni ò sí níbẹ̀? Èmi ni mo kọ́kọ́ dé.”

Bó ṣe sọ ọ́ tán, ló bá bú sẹ́kún, ó ní kí Epifania jọ̀ọ́ gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ òun.